Ọmọ mi ò fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ oní-pẹ́dà: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Jọláadé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí ọmọkùnrin mi pé ọdún márùn-ún. Láti ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní pẹ́dà yẹn, èyí tí ọmọ máa ń fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ ọ́n gùn gan-an. Bó bá ti sáré díẹ̀, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, á máa yọ̀ lọ geerege títí á fi yà ní kọ́nà. Ìyẹn la rí tí a fi ra oní-pẹ́dà fún un, táyà ínǹṣì 16. A mọ̀ọ́mọ̀ ra èyí tó tóbi díẹ̀ kó lè lò ó pẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Bó ti gùn ún, pẹ́dà ló tẹjú mọ́. Nígbà tó fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ ló nà sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ni pẹ́dà bá yí wá gbá a lójúgun. Awọ bó, ẹ̀jẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbé kẹ̀kẹ́ yẹn jáde, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí. Bàbá rẹ̀ ní ká so táyà kéékèèké méjì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe dípò rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí ọkọ mi, ojúgun ò ṣeé fi gbá nǹkan.

Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ pamọ́ o. Ọjọ́ kan náà ni mo fún àwọn ìbejì mi ní oní-pẹ́dà. Táyéwò wà á lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kẹ́hìndé ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án fún nǹkan bí oṣù márùn-ún. Mo kàn fi méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà, mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣàdédé gbọ́ tó ń ké “Mọ́mì, ẹ wò mí!” Òun fúnra ẹ̀ ló lọ gbé e.

Bọ̀dá Oníkẹ̀kẹ́:
Ìyá Jọláadé, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan méjì ná. Tó bá jókòó lé e, ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀? Bíréèkì ńkọ́, ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún un àbí ìgbà tí wọ́n bá wa pẹ́dà sẹ́yìn ló ń mú?

Ìyá Jọláadé:
Ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kanlẹ̀, Bọ̀dá. Bíréèkì ọwọ́ ni.

Bọ̀dá Oníkẹ̀kẹ́:
Mo fura bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba ọmọ yẹn tọ́ sí i. Lórí ti àtijọ́, ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbàkigbà. Lórí èyí, kò sí. Ẹ sọ ìjókòó yẹn kalẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á fi tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Bó bá lọ sílẹ̀ dópin tí kò tíì tó, kẹ̀kẹ́ yẹn ti tóbi jù fún un lónìí, táyà ínǹṣì 14 ni ì bá bá a mu. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá rà tóbi kí ọmọ lè dàgbà bá a máa ń pẹ́ ọmọ lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹ tún gbé e wò: bó bá wúwo tó ìdajì ọmọ fúnra rẹ̀, ìyà ló ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú pẹ́dà méjèèjì kúrò. Sípánà mìlímítà 15 ló máa ń bá ọ̀pọ̀ wọn mu. Ti apá ọ̀tún ń tú bíi nọ́ọ̀tì yòókù. Ti apá òsì ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni ẹ máa yí i kó tó tú. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ti fi agbára ba irin jẹ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá ń dá wọn padà, ẹ wo L (òsì) àti R (ọ̀tún) tí wọ́n kọ sí wọn lára, kí ẹ sì fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó mú sípánà.

Kó máa fi ẹsẹ̀ ti èyí náà lọ fún ọjọ́ mélòó kan, kó mọ bó ṣe wúwo sí. Àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́ ọ ní bíréèkì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, kó máa bọ̀, kó fún bíréèkì kó lè dúró lórí ìlà láìfi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ bó ṣe ń dúró, ẹ̀rù ò ní fi bẹ́ẹ̀ bà á mọ́.

Bàbá Ayọ̀:
Àkọ́bí mi lo táyà kéékèèké yẹn o, ó sì ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa lónìí. Mi ò rí ibi nínú rẹ̀.

Bọ̀dá Oníkẹ̀kẹ́:
Òótọ́ ni, Bàbá Ayọ̀, ọ̀pọ̀ ló gba ibẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ tó bá ń yà ní kọ́nà, táyà yẹn ò sì ní jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́. Ọmọ yìí ti mọ ìfẹ̀gbẹ́ yẹn, kò yẹ ká gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ gan-an, èyí tí Karl Drais ṣe tó sì gùn jáde ní Jámánì ní 1817, ò ní pẹ́dà, àgbàlagbà ló ń fi ẹsẹ̀ tì í. Ó lé ní ogójì ọdún kí pẹ́dà tó wá wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́. Ìdúróṣinṣin ló ṣáájú.

Àǹtí Fadé:
Tí pẹ́dà bá padà, ẹ gbé ọ̀kan síwájú kó ga díẹ̀, ibi tí ọwọ́ aago máa ń wà ní agogo méjì. Ẹsẹ̀ kan á tẹ ìyẹn mọ́lẹ̀, èkejì á ti ilẹ̀. Ẹ má di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú o! Ara ọmọ ni kí ẹ dì mú, lẹ́yìn tàbí lábẹ́ apá, kó lè máa darí ara ẹ̀. Kí ẹnì kan dúró níwájú, kó máa pè é, ojú rẹ̀ á kúrò lára pẹ́dà. Orí koríko ni mo ti kọ́ ọmọ tèmi, mo rò pé kò ní dùn ún tó bá ṣubú, àṣé koríko ń fa táyà sẹ́yìn, ọmọ ń làágùn lásán. Ilẹ̀ líle tó tẹ́jú ló dáa. Kí akoto wà lórí, ìka méjì péré sókè ìpéǹpéjú, kí okùn rẹ̀ má dẹ̀.

Ìyá Jọláadé:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ọjọ́ kọkànlá rèé. Bàbá rẹ̀ ló tú pẹ́dà (ti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un bínú, mo ka ọ̀rọ̀ Bọ̀dá sí i létí). Ìlà ṣọ́ọ̀kì wá di eré, kò jẹ́ ká sinmi. Àná la dá pẹ́dà padà. Mo di abẹ́ apá rẹ̀ mú, mo sáré tẹ̀ lé e díẹ̀, ara rẹ̀ kàn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ti lọ! Omi bọ́ lójú mi. Ó fún bíréèkì, ó dúró, ó wo ojúgun rẹ̀, ó ní “Kò gbá mi.” Àmọ́ kò tíì lè dá gbéra fúnra rẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ń sún mọ́ àyà tó bá ń wà á.

Bọ̀dá Oníkẹ̀kẹ́:
Ọkọ mi, o káre! Ẹ jẹ́ kó wà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kó fi mọ bó ṣe ń dá gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ gbé ìjókòó sókè ní ìwọ̀n ìka kan. Ẹ má jẹ́ kó ju ìka kan lọ lẹ́ẹ̀kan.