Sáfà dátábéèsì ń kú lóru lórí Proxmox

Ará Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará. Proxmox, ètò tó ń pín ẹ̀rọ kan sí sáfà púpọ̀, ló wà lórí ẹ̀rọ wa, RAM ẹ̀rọ náà jẹ́ 32 GB. Sáfà márùn-ún ló gbé, 8 GB ni mo pín fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti dátábéèsì máa ń kú lóru. Níbo ni kí n wò?

Ará Ìsánlú: Ohun tí ẹ pín jẹ́ 40 GB, 32 ni ẹ ní. Bí gbogbo wọn bá ń lo RAM lẹ́ẹ̀kan náà, kernel (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ) á pa èyí tó ń jẹ ẹ́ jù. Ẹ tẹ èyí lórí ẹ̀rọ gan-an, kì í ṣe nínú sáfà:

`journalctl -k | grep -iE "oom|killed process"`

Bí ẹ bá rí kvm (orúkọ tí sáfà ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ) níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé nìyẹn. Ẹ dín àwọn mẹ́rin yòókù sí 4 GB, kí dátábéèsì mú 8. 8 tó ṣẹ́ kù, ẹ̀rọ ló ni ín. Tó bá jẹ́ ZFS (ètò tó ń tọ́jú fáìlì sí dísìkì) lẹ ń lò, ẹ fi `zfs_arc_max` de ARC rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó dátà sí nínú RAM, torí òun náà ń jẹ RAM.

Ará Mopa: Ẹ wo Data% (ìwọ̀n àyè dísìkì tó ti kún) nínú `lvs` pẹ̀lú. Bí thin pool (àyè dísìkì tí àwọn sáfà jọ ń pín lò) bá kún dé 100, sáfà ò ní lè kọ nǹkan sí dísìkì mọ́, fáìlì á sì bàjẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó kọjá 80.

Ní ti iná: ẹ so UPS (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ) mọ́ NUT (ètò tó ń ṣọ́ UPS), kó lè pa àwọn sáfà létòlétò kí bátìrì tó tán. `qm set 101 --onboot 1` ló ń jí sáfà 101 padà nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn.