Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Paris, mi ò tíì ní físà. Ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì, Luton: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ṣì jí kó dá mi lóhùn, orí mi ti dàrú. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland Paris fún ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 2026, torí apá tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣí, ti fíìmù Frozen yẹn. Láti ìgbà Kérésì làwọn ọmọ ò ti jẹ́ kí n sinmi. Hòtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ ojú irin, owó àbáwọlé, gbogbo rẹ̀ ni mo san lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó pọ́ọ́kú jù ni mo mú, èyí tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Àárọ̀ òní lẹnìkan níbi iṣẹ́ wá bi mí pé, "Físà ńkọ́?" Mo ní físà wo? Ṣebí omi kékeré ló wà láàárín wa? Àwọn ìbejì ní páásípọ́ọ̀tì ìlú ọba, ṣùgbọ́n èmi, bàbá wọn àti ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 8, ti Nàìjíríà la ní, pẹ̀lú eVisa, ìwé ìgbélùú ìlú ọba tó wà lórí ẹ̀rọ. Mo wá déètì ibi tí wọ́n ti ń gbàwé Faransé ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Dublin: Pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ mu omi ná. Èmi náà ti kó sí kòtò yìí rí. Ní 2019, mo mú káàdì ìgbélùú Ireland lọ́wọ́, mo ní inú EU, ẹgbẹ́ àwọn ìlú Yúróòpù, ni Ireland wà, ibẹ̀ náà ni Faransé wà, kí ló tún kù? Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú ni ọmọbìnrin kan ti sọ fún mi pé Ireland ò sí nínú Schengen, àwọn ìlú Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà. Ọkọ̀ gbéra, èmi àti àpótí mi wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Títí di òní, tí ọkọ mi bá fẹ́ pa mí lẹ́nu mọ́, á kàn ní, "Schengen ńkọ́?"

Bàbá Manchester: Kí ló dé tí ẹ ń já obìnrin láyà? Ìyá Ìbejì, àwọn ìbejì yín, ṣebí ọmọ ìlú ọba ni wọ́n. Òbí ọmọ ìlú ọba kì í gba físà. Ìwé ìyàwó mi lèmi fi kọjá ní 2018, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan.

Bọ̀dá Peckham: Bàbá, 2018 lẹ sọ yẹn. Ìlú Ọba ò tíì jáde kúrò nínú EU nígbà yẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ni ìyàwó yín náà ti di àjèjì bíi tiwa. Kódà, láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, wọ́n ti ń gba ìka ọwọ́ òun náà ní ààlà.

Bàbá Manchester: Hẹn-ẹn? Ẹ má bínú o. Mi ò tíì débẹ̀ láti ìgbà náà.

Àǹtí Dublin: Ẹ̀yin ará Manchester, ọjọ́ kan lẹ óò kó èèyàn sí wàhálà. Ìyá Ìbejì, ẹ má dán an wò o. Ní St Pancras gan-an, ibùdókọ̀ ojú irin tẹ́ ẹ ti máa wọkọ̀ Paris ní Lọ́ńdọ̀nù, làwọn ọlọ́pàá ààlà Faransé jókòó sí. Ẹ ò tíì fojú kan ọkọ̀ tí wọ́n á fi dá yín padà.

Bọ̀dá Peckham: Ẹ gbọ́, mà. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni wọ́n ti ń gbàwé Faransé, ẹ wo Manchester àti Edinburgh. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ máa wò ó, nígbà táwọn kan bá fagi lé tiwọn. Yúrò 90 ni owó físà fún ẹ̀yin àti ọ̀gá, yúrò 45 fún ẹ̀gbọ́n ìbejì. Ìnṣọ́ránsì tó lè san tó 30,000 yúrò. Páásípọ́ọ̀tì yín ò gbọdọ̀ tíì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta lórí ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò níbẹ̀. Ó pẹ́ tán, ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìnàjò, ìwé yín gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, ọmọ ìkókó ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé báńkì. Ẹ má jẹ́ kí owó òjijì wọ báńkì yín báyìí. Àjọ ló pa mí.

Ìyàwó Bedford: Àjọ ṣe kí ni?

Bọ̀dá Peckham: Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ ni àjọ kàn mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, èèyàn méjìlá, ọgọ́rùn-ún márùn-ún pọ́ùn láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà pọ́ùn gbáko. Inú mi ń dùn, mo ní báńkì mi ti sanra, wọ́n á mọ̀ pé olówó ló ń bọ̀. Físà ò jáde. Wọ́n ní ibi tí owó náà ti wá ò yé àwọn.

Ìyàwó Bedford: Kì í ṣe àjọ ló pa yín, ẹnu yín tó dákẹ́ ni. Èmi náà kó àjọ kí n tó gba tèmi. Mo kọ lẹ́tà, olórí àjọ wa fọwọ́ sí i, mo so orúkọ gbogbo ẹni tó ti kó àti ẹni tí kò tíì kó mọ́ ọn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni físà jáde.

Bọ̀dá Peckham: Èmi náà kọ lẹ́tà o!

Ìyàwó Bedford: Kí lẹ pè é nínú lẹ́tà?

Bọ̀dá Peckham: Mo ní ọ̀dọ̀ Àjọ ni owó náà ti wá.

Ìyàwó Bedford: Ó ti yé mi. Wọ́n ṣì ń retí kí Ọ̀gbẹ́ni Àjọ fi ìwé báńkì tirẹ̀ ránṣẹ́.

Àǹtí Dublin: Ẹ ò níí pa mí lẹ́rìn-ín! Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ò ní àsìkò láti kọ́ àṣà wa. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kéèyàn bẹ olórí àjọ kó fi ipò ẹ̀ ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn, kó kó tirẹ̀ lẹ́yìn tí físà bá ti jáde.

Ìyàwó Bedford: Kí wá ni kéèyàn máa fi owó ara ẹ̀ pamọ́ fún bí ẹni jalè? Mo ṣàlàyé, wọ́n gbà. Ó parí.

Àǹtí Dublin: Ti yín ló bọ́ sí i. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ jẹ́.

Bàbá Manchester: Ta ló fẹ́ ṣe pààrọ̀ gan-an? Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó ló gbọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ kó tiwa lọ́dún méjì sẹ́yìn, Canada ló kó o lọ.

Alága: Ẹ má dárúkọ èèyàn níbí o.

Bàbá Manchester: Ṣé mo dárúkọ? Ó wà nínú gúrúùpù yìí, ó ń kà á.

Calgary: Bàbá, mo ti san èyí tó pọ̀ jù padà.

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds: Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gidi. Ìyá Ìbejì, ọjọ́ 29 oṣù kẹta ni wọ́n fẹ́ ṣí Frozen yẹn, ọjọ́ náà ni wọ́n sì máa pa orúkọ ọgbà kejì tó wà ní Disneyland Paris dà. Walt Disney Studios tó ti wà láti 2002 á di Disney Adventure World. Hong Kong ti ní irú àgbègbè yìí láti oṣù kọkànlá 2023. Ohun méjì ló ń gbé èèyàn níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke yìnyín tó ń sáré lórí irin. Ti Paris, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni. Ẹ ronú sí i: ìlú tuntun gbáko, ohun kan ṣoṣo láti gùn, ìsinmi Àjíǹde. Ìlà ibẹ̀ á ju ìlà epo bẹntiróòlù lọ. Ní tèmi, kẹ́ ẹ ní kí n lọ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ óò kọ́kọ́ sanwó fún mi.

Ìyá Ìbejì, Luton: Ẹ jẹ́ kí n rí físà ná, kí n tó máa bẹ̀rù ìlà.

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds: Ohun tí èmi ń dúró dè ni apá Kìnnìún, The Lion King. Oṣù kẹjọ 2024 ni wọ́n kéde ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni, tó máa já bọ́ láti òkè. Mo rò pé inú àpáta ọba yẹn ni wọ́n máa gbà wọlé, kéèyàn má mọ ìgbà tó máa já. Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn ni pé òkè yìnyín Frozen wà nítòsí ibẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é tí kìnnìún ò fi ní máa wo yìnyín láti inú aṣálẹ̀? Àfi kí adágún tí wọ́n gbẹ́ sáàárín yà wọ́n nípá.

Bọ̀dá Peckham: Kìnnìún tó bá gbé Leeds ti mọ yìnyín.

Ìyàwó Bedford: Ẹ máa lọ Paris o, tiwa ń bọ̀ wá bá wa nílé. Universal, àwọn tó ń ṣe fíìmù, fẹ́ kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ sí Kempston Hardwick, ẹ̀bá Bedford níbí, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sun bíríkì láyé àtijọ́. Éékà 476. Ọdún 2031 ni wọ́n dá. Ẹnikẹ́ni ò ní béèrè físà.

Ìyá Ìbejì, Luton: 2031? Àwọn ìbejì á ti di ọmọ ọdún 9. Ẹ̀gbọ́n wọn á ti pé 13, kò ní fẹ́ bá mi rìn ní títì mọ́.

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds: Paddington ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún ní Bedford. Ẹ máa rí i, apá kan gbáko ni wọ́n máa fún un.

Àǹtí Dublin: Béárì tó sá pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi láti Peru, tó wọ Lọ́ńdọ̀nù láìní físà? Ẹni wa nìyẹn.

Bọ̀dá Peckham: Ẹ gbé ọgbà kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbé e lọ Bedford. Ta ló mọ ibẹ̀?

Ìyàwó Bedford: Kò pé wákàtí kan sí St Pancras. Nígbà tó bá dé, ẹ óò mọ̀ ọ́n, ẹ óò sì máa wá yàrá. Yàrá kan ṣófo lókè ilé mi, mi ò tíì sọ iye ẹ̀.

Dallas: Ẹ̀yin ará ìlú ọba, 2031 lẹ ń kà? Universal ń kọ́ ti àwọn ọmọdé sí Frisco, lẹ́bàá wa níbí. Ọdún 2026 yìí.

Houston: Frisco kì í ṣe Dallas.

Dallas: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbà AstroWorld, tẹ́ ẹ tì í pa ní 2005, tẹ́ ẹ wó o palẹ̀, ẹ̀yin náà tún ń sọ̀rọ̀?

Houston: Egbò yẹn ò tíì jinná. Ẹ fi sílẹ̀.

Bàbá Manchester: Ẹ̀yin ará Texas, pẹ̀lú ooru yín, Elsa, ọbabìnrin yìnyín inú Frozen, á yọ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds: Gbogbo ọgbà tí mo ti lọ, kò tíì sí èyí tó dùn mọ́ mi bí ọgbà kan tí bàbá mi kó wa lọ ní Ìbàdàn, ọjọ́ kejì Iléyá. Àwa mẹ́fà lẹ́yìn Peugeot 504. Kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbéni lọ sókè ni mo wọ̀, iná wá lọ nígbà tí mo wà lókè téńté. Mo rí òrùlé pánù pupa lọ salalu, mo rí Mápó. Mi ò sunkún. Ìgbà tí iná dé, tí wọ́n fẹ́ sọ̀ mí kalẹ̀, ni mo tó bú sẹ́kún.

Calgary: Ẹ ò ṣe é ire. Ìwọ̀n ogún sísàlẹ̀ òdo ni níbí lálẹ́ yìí.

Àǹtí Dublin: Èmi, oúnjẹ Iléyá yẹn ni mo gbọ́ òórùn ẹ̀.

Calgary: Tí wọ́n bá kọ́ tiwa ńkọ́? Apá Ìjàpá.

Bọ̀dá Peckham: Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Ìjàpá, ẹ dé iwájú, Yánníbo ní ayédèrú ni, ẹ tún òmíràn rà.

Àǹtí Dublin: Kí wọ́n fi ẹbẹ gbígbóná sínú fìlà, kí wọ́n dé e fún yín, káwọn àna wá máa sìn yín sọ́nà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ṣí fìlà ti kùnà.

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds: Okùn tí ìyá Ajá ń ta wálẹ̀ láti ọ̀run! Èyí tó máa já bọ́ nìyẹn. Wọ́n á máa fà yín lọ sókè jẹ́jẹ́, Ajá á kígbe látẹ̀yìn pé kí wọ́n gé e. Ẹni tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 120 ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Mo ti yàwòrán ẹ̀ nínú orí mi báyìí.

Bàbá Manchester: Ìjẹ̀bú ni kẹ́ ẹ fi síbi owó páàkì.

Houston: Mo rí yín o, Bàbá.

Ìyá Ìbejì, Luton: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi ńkọ́? Mo rí déètì kan ní Edinburgh, ọjọ́ 12 oṣù kẹta. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, àwa mẹ́ta la sì nílò ẹ̀. Ṣé kí n mú un?

Àǹtí Dublin: Ẹ mú un ná, kẹ́ ẹ máa wá méjì tó kù.

Bọ̀dá Peckham: Tí méjì ò bá wá yọ ńkọ́? Àbí bàbá wọn ló máa dá kó àwọn ìbejì lọ? Ẹ tún wo Manchester lọ́la. Ìwé báńkì yín mọ́ ṣá?

Ìyá Ìbejì, Luton: Ó mọ́. Àfi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àjọ kàn mí.

Bọ̀dá Peckham: Háà!

Ìyàwó Bedford: Ẹ fi sílẹ̀, màá kọ lẹ́tà fún wọn.

Ìyá Ìbejì, Luton: Ẹ̀gbọ́n ìbejì ní ṣé Elsa ò kúkú lè wá sí Luton.

Àǹtí Dublin: Ó lè wá. Norway ni wọ́n wò yàwòrán ìlú ẹ̀, Norway sì wà nínú Schengen. Yàrá ìgbàlejò ni Paris jẹ́ fún un. Ìlú ọba ló ti máa gba ETA, ìyọ̀ǹda orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó wọlé.

Bọ̀dá Peckham: Ẹ sọ fún un kó má dá àjọ ṣáájú.

Ìyá Ìbejì, Luton: Ẹ̀yin èèyàn yìí! Déètì Edinburgh yẹn ti lọ.

Bàbá Manchester: Manchester ńkọ́? Yàrá wà nílé mi o.