Ìwé tí mo dì mọ́wọ́ fún ọjọ́ méjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí nígbà tí dókítà ní àfi ká gé ẹsẹ̀ màámi. Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn wo ọ̀tún kó burú, kó wo òsì kó burú.

Aláró ni màámi, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, l'Óṣogbo níbí. Ṣúgà ti ń bá a fínra tipẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora lẹ́sẹ̀ mọ́. Egbò kékeré kan lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì ló di ńlá. Nígbà tá a fi dé ọsibítù, ọmọ ìka mẹ́ta ti dúdú bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Dókítà ní àfi ká gé ẹsẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Èkó, ó ní kò sẹ́ni tó máa gé ìyá òun lẹ́sẹ̀. Àǹtí wa ti rí oníṣègùn kan lọ́nà Ìkìrun. Ọjọ́ méjì ni ìwé tó yẹ ká fọwọ́ sí kí wọ́n tó gé e fi wà lọ́wọ́ mi. Mo ní mo ń ronú. Irọ́ ni, mo ń dúró kí ọ̀rọ̀ náà parí ara rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ní kí n bi dókítà pé, bá a bá fi ọ̀sẹ̀ kan dúró, kí ló máa yàtọ̀? Dókítà ní ibi tó ti kú kò ní jí mọ́. Bá a bá gé e báyìí, ìsàlẹ̀ orúnkún ni, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá á sì rọrùn fún un láti fi rìn. Bó bá gòkè sí i, orúnkún á bá a lọ. Bó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé dídúró tí mo dúró, mo ti ń yan nǹkan. Ohun tí mo sì ń sá fún gan-an ni kí ẹbí má baà pè mí lẹ́ni tó ní kí wọ́n gé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó tíì bi màámi léèrè. Mo wọlé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí dókítà ṣe sọ ọ́. Ó wo èékánná rẹ̀ tí aró ti mu, ó ní, "Ọwọ́ ni mo fi ń pa aṣọ láró. Gbé ìwé yẹn wá, èmi ni màá tẹ̀ka sí i."

Wọ́n gé e. Ó dùn ún gan-an, ó ṣì ń dùn ún. Lóru, á ní kí n bá òun họ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́. Mo máa ń jókòó tì í, màá máa fọwọ́ pa orúnkún yẹn títí oorun á fi gbé e lọ.