Ẹgbẹ́ adóòlà ajá tàbí ẹni tó ń sin ajá tà: kí ni wọ́n ń wò lára wa, kí ló sì yẹ ká wò lára wọn?

AlájàTuntun béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ajá kan la ń wá, ìbáà jẹ́ àgbà, ìbáà jẹ́ ọmọ, bó bá ṣáà ti lè bá ọmọ ọdún 5 gbé. Fúláàtì là ń gbé, kò sí ọgbà, èmi àti ìyàwó mi la sì jọ ń lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ adóòlà ajá, ìyẹn àwọn tó ń gba ajá tí kò ní olówó mọ́, tí wọ́n sì ń wá ilé fún un, kì í fèsì rárá. Èyí tó bá fèsì á ní ká kọ fọ́ọ̀mù gígùn, á tún wá ní ilé wa kò bá ajá náà mu, kò sí àlàyé kankan. A yíjú sí àwọn tó ń sin ajá tà: àwọn kan ní ká dúró di ọdún tó ń bọ̀, àwọn mìíràn ní ká sanwó lónìí kí ọmọ ajá dé lọ́la.

Kí ni àwọn ẹgbẹ́ yìí ń wò nínú fọ́ọ̀mù gan-an? Tó bá sì jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń sin ajá la ti máa rà á, báwo la ṣe máa mọ ẹni tó ń ṣe é bó ṣe yẹ?

IléAlágbàtọ́ fèsì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àìfèsì yẹn máa ń dunni ju kí wọ́n sọ pé rárá lọ, ó sì yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ wá nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ bó ṣe ń rí lọ́hùn-ún rèé: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ adóòlà ni kò ní ilé tiwọn. Ilé àwọn alágbàtọ́ ni ajá ń gbé, àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù kò sì gbowó oṣù nídìí ẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni wọ́n ń kà á. Ajá kékeré tí kò tíì pé ọdún kan, tí fọ́tò rẹ̀ sì dára, fọ́ọ̀mù á ya lù ú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á ka ìwọ̀nba tó kọ́kọ́ dé, wọ́n á mú ọ̀kan, ìyókù á sùn síbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ajá tó ti lé ní ọdún 3, tó sì ti pẹ́ lójú ìwé wọn, máa ń tètè gbọ́ èsì.

Nínú fọ́ọ̀mù, ìyọ̀ǹda onílé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, torí ọ̀ràn ilé wà lára ohun tó ń dá ajá padà jù. Ẹ má kọ "onílé gbà" lásán. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tó sọ pé ó gbà kí ẹ sin ajá, iye ajá, bó ṣe lè tóbi tó, àti bóyá ẹ̀yà kan wà tí kò fẹ́, kí ẹ sì so ó mọ́ fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà ẹran. Bí ẹ bá ti sin ẹran rí, ẹgbẹ́ á pe ilé ìwòsàn láti mọ̀ bóyá ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ déédéé. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò sì ní sọ nǹkan kan àyàfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá ti pè wọ́n pé kí wọ́n sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù púpọ̀ ló ń kú síbẹ̀ yẹn, ẹni tó kọ ọ́ kò sì ní mọ̀. Bí ẹ kò bá sin ẹran rí, ẹ kọ orúkọ dókítà tí ẹ fẹ́ máa lò.

Ní ti iṣẹ́, "a máa ń wà nílé dáadáa" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Ẹ kọ ọ́ bí aago ṣe ń lọ: aago 6:30 ẹni kan á mú un jáde fún ìṣẹ́jú 40, láti aago 8 sí 12 òun nìkan ló wà, aago 12 lágbájá á wá mú un jáde, aago 4 ìyàwó dé. Èyí náà ló ń yanjú ọ̀rọ̀ ọgbà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nídìí ọgbà ni ibi tí ajá á ti máa tọ̀, àti ibi tó ti lè sáré láìsá lọ. Ẹ dáhùn ìyẹn gan-an: ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, ní àkókò báyìí báyìí.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: "Kí ló lè mú yín dá ajá padà?" Ẹni tó bá kọ pé kò sí, wọ́n á gbà pé kò tíì rò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré, ẹ kọ òtítọ́: bí ajá bá gé ọmọ jẹ. Kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ máa ṣe kó tó dé ìdápadà: ẹ máa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ máa mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà bóyá ara ló ń ro ó, ẹ máa pe ẹni tó ń kọ́ ajá, ẹ ó sì fi tó ẹgbẹ́ létí lọ́jọ́ náà.

Tí wọ́n bá ní ọmọ yín kéré jù, ẹ bi wọ́n bóyá òfin ẹgbẹ́ ni tàbí ti ajá yẹn nìkan. Òfin ẹgbẹ́? Ẹ má fi àkókò ṣòfò, ẹ lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ti ajá yẹn? Alágbàtọ́ ti rí nǹkan nìyẹn, ẹ gbà á gbọ́.

Ọ̀nà méjì tún kù. Ilé àkójọ ajá tó jẹ́ ti ìjọba yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ adóòlà. Àgò wọn máa ń kún, fọ́ọ̀mù wọn kúrú, nígbà mìíràn ẹ lè mú ajá lọ lọ́jọ́ náà. Àléébù ibẹ̀ ni pé ìwọ̀nba ni wọ́n mọ̀ nípa ajá ọ̀hún, torí ajá tó ń gbó ṣáá nínú àgò, tàbí tó ká jọ sí kọ̀rọ̀, lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbà á tọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹ́ ló ṣì ni ajá lásìkò yẹn, wọn kò sì ní kà á sí ìjákulẹ̀ bó bá padà.

ÌranRere fèsì:

Ẹ má bínú sí ẹni tó ní kí ẹ dúró. Abo ajá máa ń wá akọ bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, oyún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63, ọmọ kò sì gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ ìyá kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Láti ọjọ́ tí akọ bá gùn ún títí ọmọ á fi wọlé yín, nǹkan bí oṣù 4 ti lọ. Ẹni tó ní abo méjì, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n sinmi, kò lè ní ọmọ ajá nílẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹni tó ní ẹ̀yà mẹ́fà nílẹ̀ lónìí, tí gbogbo wọn ti ṣe tán, tó wá ní kí ẹ sanwó kíákíá, ó ṣeé ṣe kó máa kó ajá ibòmíràn tà, ó sì ṣeé ṣe kó má sí ajá kankan rárá. Ẹ ní kó pè yín lórí fídíò, kó gbé ọmọ ajá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kó sì fi déètì ọjọ́ náà hàn yín lórí bébà. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmú rẹ̀ á ti fà wálẹ̀, ọmọ á sì máa forí wá a. Bí kò bá lè ṣe é, tàbí tí owó àgò, owó abẹ́rẹ́ àti owó ìbánigbófò bá ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àsansílẹ̀, jìbìtì ni.

"Dókítà ti wo òbí rẹ̀" kì í ṣe àyẹ̀wò. Fún ẹ̀yà Labrador àti German Shepherd, ẹ béèrè X-ray ìbàdí àti ìgúnpá bàbá àti ìyá. OFA, àjọ tó ti ń kó irú èsì yìí jọ ní Amẹ́ríkà láti 1966, kì í fún ìbàdí ní nọ́ńbà àṣekágbá kí ajá tó pé oṣù 24. PennHIP, ọ̀nà X-ray ìbàdí mìíràn, ló ń gba ajá láti ọ̀sẹ̀ 16. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ìyá ajá tó jẹ́ oṣù 15 ti ní nọ́ńbà ìbàdí OFA, ọ̀rọ̀ kò dọ́gba. Ẹ lè fi orúkọ ajá tó wà nínú ìwé wá èsì rẹ̀ lórí ìkànnì wọn. Ọkàn ni ti Doberman: àwòrán ọkàn àti ẹ̀rọ Holter tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù fún wákàtí 24, kí wọ́n sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún, torí ajá tí ọkàn rẹ̀ mọ́ lọ́dún 2 lè ní àìsàn náà lọ́dún 6. Ọkàn náà ni ti Cavalier King Charles. Dalmatian, àyẹ̀wò etí BAER fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Collie, àyẹ̀wò àbùdá MDR1, torí ivermectin (oògùn aràn) tó bá pọ̀ lè pa èyí tí àbùdá yẹn bá ní àbùkù lára rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbé ajá merle (èyí tí àwọ̀ rẹ̀ rí kàlákìnní) lé merle kí àwọ̀ ọmọ lè rẹwà, ẹ sá fún un: ọmọ kan nínú mẹ́rin ló ṣeé ṣe kó gba àbùdá náà lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, irú wọn ló sì sábà máa ń dití tàbí kó fọ́jú.

Ìwé ìran ń sọ ẹni tó bí ajá. Kò sọ nǹkan kan nípa ìlera rẹ̀.

Ẹ ka ìwé àdéhùn. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbàkígbà tí ẹ kò bá lè tọ́jú ajá mọ́, ọ̀dọ̀ òun ni kó padà sí. Àmọ́ ìlérí pé "bó bá ṣàìsàn, ẹ dá a padà kí n fún yín ní òmíràn" kò wúlò. Nígbà tí àìsàn ìbàdí bá fi hàn, ta ló fẹ́ dá ajá rẹ̀ padà? Ẹ béèrè pẹ̀lú ìgbà tí àsansílẹ̀ ṣeé gbà padà, bóyá bí ọmọ bá kéré níye.

Ohun kan tún wà nípa iṣẹ́ yín. Ọmọ ajá oṣù 2 kò lè mú ìtọ̀ dúró ju bíi wákàtí 3 lọ. Bí kò bá sí ẹni tó máa wá ní ọ̀sán, àgbà ajá ló yẹ yín, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ̀ tani ẹ ti gbà á.

Òtítọ́Korò fèsì:

Mo fara mọ́ ohun tí IléAlágbàtọ́ sọ, àmọ́ ká má fi gbogbo ẹrù lé ẹni tó ń wá ajá lórí. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ń bo ìtàn ìgéjẹ mọ́lẹ̀ kí ajá lè tètè lọ. "Ó fẹ́ ilé tó dákẹ́" lè túmọ̀ sí ajá tó ń bẹ̀rù, ó sì lè túmọ̀ sí ajá tó ti gé èèyàn jẹ. Ẹ béèrè ní tààràtà, kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ ní kíkọ. Ẹ̀yà tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò, ojú ni wọ́n sábà fi wò ó, ó sì máa ń ṣì. Ẹ má gbára lé e pé ọmọ ajá kan kò ní tóbi. Ẹ tún wò ó bóyá àdéhùn sọ pé ẹgbẹ́ ló ni ajá títí láé, tí wọ́n lè wá mú un nígbà tó bá wù wọ́n. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí kí wọ́n ní kí ẹ dá a padà sọ́dọ̀ àwọn bí ẹ kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá sì fẹ́ fi ìwé dókítà hàn yín kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ fi í sílẹ̀.

AlájàTuntun:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A kò fi ìwé onílé kankan ránṣẹ́, a ó wá a. Ẹgbẹ́ kan ní ajá ọlọ́dún 4, wọ́n kọ pé "kò tíì mọ ọmọdé". Kí la máa bi wọ́n? Kí ló sì yẹ ká ṣọ́ra fún bó bá délé?

Ọwọ́Dókítà fèsì:

"Kò tíì mọ ọmọdé" túmọ̀ sí pé wọn kò tíì dán an wò, kì í ṣe pé ó ti kùnà. Ẹ bi alágbàtọ́, ẹ má bi ẹni tó ń kọ lẹ́tà: kí ló máa ń ṣe bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án lójú oorun? Bí ẹnì kan bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé eyín rẹ̀ ti kan awọ ẹnikẹ́ni rí, ṣé ó sì dá ọgbẹ́? Wákàtí mélòó ló ti dá wà rí, kí ni wọ́n sì bá nílé nígbà tí wọ́n dé?

Ìta ni kí ẹ ti pàdé rẹ̀. Kí ọmọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ yín, kó má bẹ̀rẹ̀ lé ajá lórí, kó má nawọ́. Ajá ni kó wá bá a. Bó bá wá, kí ọmọ fọwọ́ pa á láyà fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kó wá gbọ́wọ́ kúrò. Ajá tó fẹ́ á tún súnmọ́, ara rẹ̀ á rọ̀. Èyí tó bá gan bí igi, tó ń lá ètè, tó ń yán láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún, tó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí funfun ojú rẹ̀ sì hàn, ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó máa kùn. Kódà bí gbogbo ẹ̀ bá dára, ẹ má fi òun àti ọmọ ọdún 5 sílẹ̀ láwọn nìkan.

Ní ti àìsàn, ikọ́ ajá lè farapamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yọjú, ẹ má tètè kó o pọ̀ mọ́ ajá ẹlòmíràn. Níbi tí aràn ọkàn bá wà, ẹ tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe lẹ́yìn oṣù 6, torí àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe kì í rí aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bó bá wá jẹ́ ọmọ ajá lẹ mú, abẹ́rẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ 8 kò tó: ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra ni wọ́n ń fún un títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán, torí ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ lè pa iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà rẹ́. Bó bá ń bì, tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀, parvo (àrùn ìfun tó ń pa ọmọ ajá) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fún un lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tuntun rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un títí ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ajá ń sá lọ jù. Bó bá fà sẹ́yìn, orí rẹ̀ á yọ nínú kọ́là, nítorí náà ẹ fi bẹ́líìtì tó gba àyà kún un, kí okùn wà lára méjèèjì. Chip abẹ́ awọ rẹ̀ (ẹ̀rọ bíńtín tí wọ́n fi ń dá ajá mọ̀) kò ní àdírẹ́sì, nọ́ńbà kan tó sábà ní díjíìtì 15 nìkan ló wà nínú ẹ̀. Bí orúkọ yín kò bá sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ ni wọ́n máa pè. Ẹ ní kí dókítà fi ẹ̀rọ kà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi nọ́ńbà tó jáde wé èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún yín, kí ẹ sì yí orúkọ padà lọ́jọ́ náà.