Ṣé kí n fi Ruby sílẹ̀ nítorí Python?
Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo kí yín. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń fi Ruby, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n Python ni àwọn tí ń gbani síṣẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ mi báyìí. Àwọn èdè méjèèjì jọ ara wọn púpọ̀: Python jáde ní 1991, Ruby tí Yukihiro Matsumoto dá sílẹ̀ ní Jàpáànì sì jáde ní 1995. Nígbà tí Rails, irinṣẹ́ Ruby fún kíkọ́ ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì, dé ní 2004, Ruby gbòde kan. Lójú tèmi (mo sì lè ṣì í o), kì í ṣe ẹwà ni ó gbé Python lékè, bí kò ṣe pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti kó NumPy àti àwọn irinṣẹ́ ìṣirò mìíràn jọ sínú rẹ̀ kí ariwo ẹ̀rọ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ tó gba ìgboro. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo mọ̀ jù, tí n kò sì nífẹ̀ẹ́ ìṣirò, ṣé kí n lọ kọ́ Python ni, àbí kí n dúró ti Ruby? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó ti ṣe irú àyípadà yìí rí kọ́kọ́ dá mi lóhùn.