Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ọ̀rá: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì o. Ohun tí mo béèrè níjọ́sí ni bí mo ṣe lè rí ọ̀rá tó nínú oúnjẹ ojoojúmọ́ láìmu òróró bí ẹni ń mu oògùn, torí látìgbà tí mo ti dín ìrẹsì àti búrẹ́dì kù, ebi ò jẹ́ n gbádùn.

Ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí n wo irú ẹran tí mò ń jẹ ló tú u palẹ̀. Àyà adìyẹ tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ́ràá rárá. Itan rẹ̀ tòun tawọ ni mò ń jẹ báyìí. Ẹyin náà, pupa inú rẹ̀ ni ọ̀rá wà, nǹkan bíi gíráàmù 5, ẹ má dà á nù.

Èyí tó wú mi lórí jù ni òróró. Ṣíbí ńlá kan péré, ó ti tó gíráàmù 14. Bí ẹ̀fọ́ bá ti kúrò lórí iná tó ṣì ń gbóná, màá da òróró ólífì lé e, màá rò ó pọ̀ títí yóò fi máa dán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ àwo, màá fi ẹran nù ún jẹ.

Ẹ̀pà náà dáa, àmọ́ ẹ wọ̀n ọ́n o.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa màmá yín tó ní òkúta nínú àpò òróòro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ọ̀rá máa ń mú kí àpò yẹn fún pọ̀, ìrora ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Èmi ti ń jẹun yó báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.