"Ìfúnpá" kọ́ ló ń bá ṣéènì jà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a jọ ń wá fún àwọn ohun tó jẹ mọ́ ṣéènì, ẹni tó dábàá pé ká máa pe ipá tó wà lára ṣéènì ẹ̀rọ ("tension" lẹ́nu Òyìnbó) ní "ìfúnpá" fi gángan gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀: ó ní bí onílù bá fún ìlù, ọṣán á le, ohùn á sì lọ sókè. Àpèjúwe yẹn dùn mọ́ mi, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ló ti ṣì í. Ìlù ni apá ń fún. Ọṣán fúnra rẹ̀, fífà ni wọ́n ń fà á láti ojú awọ kan sí èkejì. Ṣéènì kò sì sí lábẹ́ abíyá ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ìfúnpá wà fún afẹ́fẹ́ inú táyà.

"Ìfà" lèmi fẹ́, àmọ́ mẹkáníìkì kan ní Sábó, Ṣágámù, ti da ìyẹn náà rú mọ́ mi lójú. Ó fi ìka ti ṣéènì ọ̀kadà mi sókè láti ìsàlẹ̀, ó yí táyà díẹ̀, ó tún ti ibòmíràn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣéènì yín ti fà." Pé ó ti gùn ló ń wí. (Irin kọ́ ló gùn o, pínnì àti búùṣì ló jẹ, àyè tíntìntín oríkèé kọ̀ọ̀kan wá para pọ̀.) Mo ní kó fà á le dandan, ó kọ̀: "Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ tó ìka méjì. Bí èrò bá jókòó sẹ́yìn, á le fúnra rẹ̀."

Ohun mẹ́ta nìyẹn: kó le tàbí kó dẹ̀, kó fà, àti ipá tó ń kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "tension", pe àkọ́kọ́ àti ìkẹta. Kò pọn dandan ká bá wọn pín nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn. Mo ní ká pe ìkẹta ní "ipá ìfà".

Ẹ wò ó lẹ́nu ìṣirò. Oríkèé ṣéènì kan sí èkejì jẹ́ 12.7 mm, eyín súpúrọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí) jẹ́ 14, ó ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan: ṣéènì ń sáré tó mítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí agbára 4,000 wáàtì bá ń kọjá, ẹ fi ìyára pín agbára, ipá ìfà á tó 900 níútọ̀n (òṣùwọ̀n ipá). Ẹ dín ìyára kù sí ìdajì, bí ìgbà téèyàn ń gun òkè, kí agbára má yí padà: ó di 1,800.

Iye tí yóò já a, mo pè é ní "ìfàjá". Fún ṣéènì 08B (irú èyí tí oríkèé rẹ̀ jìnnà síra ní 12.7 mm yìí), ìlànà ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún gbogbo ayé, ní kò gbọdọ̀ dín sí 17,800 níútọ̀n. Ìfàjá tá a fi ipá ìfà pín ni "ìlọ́po ààbò". Níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 lórí òkè. Èmi ò ní jẹ́ kó sún mọ́ 7, torí jíjà gìrì àti erùpẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí.

"Ìfà ààbò" tí ẹnì kan tún mú wá fún ipá ìfà tó pọ̀ jù lọ tí ṣéènì lè gbà láìséwu kò bá mi lára mu, ó ń dún bí ìfà tó ń dáàbò bo èèyàn. "Ìfà àfaradà" ńkọ́?

Súpúrọ́kẹ́ẹ̀tì ló kù. "Kẹ̀kẹ́ eléyín" tí ẹ kọ, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún mẹkáníìkì Sábó yẹn, kí ẹ wá jábọ̀.